Ọrùn Ìyá Ìbídùnní

Fóònù dún lórí tábìlì, Ìyá Ìbídùnní sì yí gbogbo ara sí i kó tó lè gbé e. Ọrùn nìkan ò ṣe é yí mọ́. Bó bá fẹ́ wo ọ̀tún, àfi kí èjìká àti ìbàdí bá a lọ, bí ẹni tó ru ìkòkò omi tó kún dẹ́nu.

"Ẹ kú ilé o, mà. Adéyẹmọ ni, láti ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ṣé ara ti ń mókun?"

"A dúpẹ́ o, ọmọ mi. Ara ti yá. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, mà. Ọrùn yẹn ńkọ́?"

"Ọlọ́run ń ṣe é. Kò sí wàhálà kankan."

Ìbídùnní, tó ń kàwé ìdánwò àṣekágbá lórí bẹ́ẹ̀dì, gbójú sókè. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, òun ló fọ irun fún ìyá rẹ̀, nítorí pé ìyá náà ò lè tẹrí ba sínú bàsíà.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ sọ fún un pé ara yín ti yá?"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Kí n máa ké yéè sétí ọmọ ọlọ́mọ? Ẹni tó bá béèrè àlàáfíà ẹni, àlàáfíà là ń fún un. A kì í fẹnu ara ẹni pe àìsàn mọ́ra."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kẹta rè é tó máa pè—"

"Gbé omi gbígbóná yẹn wá, jàre. Aṣọ ìnura yìí ti tutù."

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyá náà wọ takisí ní Nyanya, ó ń lọ ra bọ́tìnnì àti òwú ní ọjà Wùsé, nítorí aṣọ rírán ni iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó dé Kugbo, ọkọ̀ ńlá kan tó kó omi inú ọ̀rá gbá wọn láti ẹ̀yìn. Orí rẹ̀ fì síwájú, ó tún fì sẹ́yìn, bí orí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Nígbà tí ọlọ́pàá béèrè bóyá ó fara pa, ó ní rárá, ó tún ń bá wọn bẹ̀bẹ̀ fún dírẹ́bà ọkọ̀ omi: "Ẹ má lù ú. Ọmọ èèyàn ni." Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí.

Dókítà tó wò ó ní ilé ìwòsàn sọ pé egungun ò kán, iṣan ọrùn ló ya díẹ̀. Ó ní kó máa wá fún ìtọ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kó má sì tẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rárá. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó fi òǹtẹ̀ lù ú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni agbára wọn ká. Láti ọjọ́ ìjàǹbá náà ni aṣọ àwọn oníbàárà ti wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láìrán. Owó gbà-má-bìínú tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ omi náà ni wọ́n fẹ́ fi parí ìtọ́jú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́tà ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì wọlé sórí fóònù Ìbídùnní. Ó kà á, ó tún un kà. Wọ́n ní àwọn pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì sọ pé ara òun ti yá. Nítorí náà, owó oògùn ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan làwọn máa san. Bó bá ní ẹ̀rí láti ilé ìwòsàn tó sọ ohun mìíràn, kó fi ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Ó mú fóònù jáde síta. Saheed, ará ilé wọn tó ń na ara ọkọ̀ tó bá tẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Apo, ń fi ọṣẹ fọ ọ̀dà kúrò lápá.

"Kai! Ìbí, ojú ẹ dà bí ojú ẹni tó gbé èsì ìdánwò ẹlòmíì wálé. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó fi lẹ́tà náà hàn án, ó fi ìwé dókítà náà hàn án. Saheed kà á, ó rẹ́rìn-ín.

"Iṣan? Ta ló ń sanwó fún iṣan? Wallahi, egungun ni wọ́n ń sanwó fún. Bí bọ́ǹpà bá tẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, a ó kọ ọ́ pé ó fọ́ yángá. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó máa tẹ ìwé ilé ìwòsàn tó lágbára fún ẹ, tòǹtẹ̀tòǹtẹ̀."

"Bùrọ̀dá Saheed, irọ́ nìyẹn."

"Ṣé irọ́ ni pé ọrùn ń dun Màmá?"

"Rárá."

"Ó tán. Ìrora ò yí padà, orúkọ rẹ̀ la fẹ́ yí."

Ìbídùnní gba fóònù àti ìwé rẹ̀, ó wọlé. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, tó ń gbìyànjú láti ṣẹ́ etí síkẹ́ẹ̀tì kan. Ìyá náà rán ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ó dáwọ́ dúró, ó dijú. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ oníbàárà. Kò pariwo. Nígbà tó rí ọmọ rẹ̀, ó ní eruku ló kó sí òun lójú.

Lọ́jọ́ kejì, Ìbídùnní bá Saheed lọ gba ìwé ayédèrú lọ́dọ̀ ọmọkùnrin náà ní Apo. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà tó bá ìwé ayédèrú náà lọ: egungun ọrùn ìyá òun kán níbi méjì, kò lè gbé ife tíì. Òyìnbó rẹ̀ dán mọ́rán. Ó kó ìwé dókítà tòótọ́ sáàárín ìwé Bàọ́lọ́jì rẹ̀, nítorí lójú tirẹ̀, ìwé náà ò lágbára tó. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti fi àwọn ìwé ránṣẹ́. Ìyá rẹ̀ sì gbàdúrà fún un.

Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní kí ìyá náà wá ya fọ́tò egungun ní ilé ìwòsàn tiwọn láàárín ìlú, kó sì yà sí ọ́fíìsì àwọn lọ́sàn-án. Ìbídùnní ti ilé-ìwé wá bá a níbẹ̀, àpò ìwé lẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò tíì tó ọgbọ̀n, dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí ìyá náà, ó fún wọn ní àga. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ìwé méjì sórí tábìlì.

"Màmá, fọ́tò òní sọ pé egungun yín pé. Ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sọ pé ó kán níbi méjì. A pe ilé ìwòsàn tí orúkọ rẹ̀ wà lókè ìwé náà. Wọn ò mọ dókítà tó fọwọ́ sí i."

Ìyá Ìbídùnní yí gbogbo ara sí ọmọ rẹ̀. "Ìwé wo ló ń sọ, Ìbídùn?"

"Orúkọ yín ló wà lórí ẹ̀, mà," ni Adéyẹmọ wí. "Bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú."

Ìbídùnní wo ìwé ayédèrú náà. Ó lè dákẹ́. Ó lè ní Saheed ló ṣe é. Ó wo ìyá rẹ̀ tó jókòó ṣánṣán, tí kò lè tẹrí wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, Ìbídùnní sì kúnlẹ̀.

"Èmi ni, sà. Màmá ò mọ nǹkan kan sí i. Èmi ni mo lọ gba ìwé náà, èmi ni mo sì kọ lẹ́tà."

"Kò wá sí ìwé tòótọ́ kankan?" ni Adéyẹmọ bi í.

Ó ṣí àpò, ó yọ ìwé náà jáde láàárín Bàọ́lọ́jì. Adéyẹmọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjì yòókù.

"Àbúrò, èyí ì bá tó. Iṣan tó ya là ń rí jù bí ọkọ̀ bá gbá ọkọ̀ lẹ́yìn. Ká ní èyí lo fi ránṣẹ́ ni, à bá ti parí ọ̀rọ̀ yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá." Ó yíjú sí ìyá. "Màmá, ẹ̀yin náà. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ṣé ìwọ náà kì í ṣọmọ Yorùbá ni? Bí wọ́n bá bi ìyá ẹ léèrè ara, kí ló máa ń sọ?"

Adéyẹmọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ohun tí ẹ sọ náà ni, mà. Àmọ́ ìwé ò mọ̀ pé ìkíni ni. Ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ. Ó yá, ẹ sọ fún mi báyìí bí ẹni ń bá dókítà sọ̀rọ̀."

Ìyá náà tún ara ṣe lórí àga. Nígbà tó la ẹnu, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò sì wálẹ̀.

"Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì ìjàǹbá, aago márùn-ún àárọ̀, mi ò lè dìde. Ọmọ yìí ló fà mí lọ́wọ́. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo fẹ́ sọdá títì, mi ò lè wo ẹ̀gbẹ́. Ọ̀kadà kan gbá mi láṣọ kọjá. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìka méjì lọ́wọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Láti ìgbà náà, àga ni mo ń jókòó sí sùn. Ọmọ yìí máa ń sùn lọ kí n tó bọ́ síbẹ̀, kó má baà rí mi."

Ìbídùnní ò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà rí. Adéyẹmọ kọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ṣe ìwádìí. Nígbà tí èsì dé, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san owó ìtọ́jú ọrùn títí oṣù mẹ́ta tí dókítà kọ yóò fi pé, nítorí ìwé dókítà tòótọ́. Adéyẹmọ bá wọn bẹ̀bẹ̀, wọn ò pe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ tí ìyá náà pàdánù, tó tọ́ sí i, wọn ò san án. Wọ́n ní nítorí ìwé ayédèrú ni.

Ìtọ́jú tún bẹ̀rẹ̀, ọrùn sì ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti jẹ gbèsè owó ilé. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, obìnrin kan wá láti Kabusa, ó ra ẹ̀rọ tí ìyá náà fi ń ya òdòdó sára aṣọ, èyí tó fi ọdún méje dá àjọ kó tó rà. Ìbídùnní àti Saheed ló gbé e dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Saheed ò lè wo ojú Màmá.

"Mi ò bá ẹ bínú," ni ìyá náà sọ fún ọmọ rẹ̀ bí ọkọ̀ náà ti ń lọ. "Èmi náà ṣe tèmi, mo fi ìrora pamọ́. Ṣùgbọ́n wo maṣíìnì yẹn dáadáa bó ṣe ń lọ."

Ìbídùnní wò ó títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Òótọ́ wọn ti lágbára tó láti dá dúró. Irọ́ tó fi tì í lẹ́yìn ló bì í ṣubú. Ẹni tí nǹkan bá ń dùn, kó sọ bó ṣe ń dùn ún gan-an. Kó má dín in kù nítorí ojú èèyàn, kó má sì bù sí i nítorí owó.