Àwòrán Méje ti Alága

Ọkùnrin kan dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tó ti ṣófo láti ọdún mẹ́sàn-án, ó ń ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dọ́bìnrin tó jẹ́ akọ̀wé ìlú dúró tì í, ó káwọ́ mọ́ àyà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò síbi tó mọ́ tẹ́ ẹ lè yà ni?"

"Ibi tó mọ́ kò ṣófo, arẹwà. Ẹni tó fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀, ilé tó ṣófo ló ń wá."

Ọkùnrin náà ni ìgbìmọ̀ ìlú gbà láti kọ́ ìkànnì ayélujára tí yóò fa àwọn oníṣòwò wá sílùú. Onífọ́tò lobìnrin náà sọ ọ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n jọ fi wọn ilẹ̀, tí wọ́n jọ ka òpó iná, tí wọ́n jọ jiyàn lórí gbogbo nǹkan. Nígbà tó yá, bí wọn ò bá tíì jiyàn láàárọ̀, ọkàn obìnrin náà kì í balẹ̀.

Àmọ́ bàbá akọ̀wé ni alága ìgbìmọ̀. Àwòrán ara rẹ̀ méje ni bàbá fẹ́ níwájú ìkànnì. Onífọ́tò yọ gbogbo rẹ̀.

"Ẹni tó yọ ojú mi dànù ló fẹ́ wá fẹ́ ọmọ mi?" bàbá figbe ta.

Ni Onífọ́tò bá faraya. Ó dá àwòrán méjèèje padà sórí ìkànnì, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sú akọ̀wé. Agídí níwá, agídí lẹ́yìn! Ó fa bàbá rẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ gba ilé ìhunṣọ yẹn. Ẹ bá mi wò ó bóyá omi débẹ̀."

Bàbá tẹ ibí, àwòrán ojú rẹ̀ yọ. Ó tẹ ọ̀hún, ojú rẹ̀ tún yọ, tòun tẹ̀rín. Nígbà tó dẹ̀ẹ̀kẹfà, ó pòṣé.

"Ta tiẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni tó ń dí mi lọ́nà yìí?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Pe ọmọ yẹn padà. Ní kó fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi. Kékeré."

Níbi tí Onífọ́tò ti ń di ẹrù ni akọ̀wé lọ bá a.

"Bàbá ní kó o padà. Tiwọn nìyẹn. Tèmi wá ńkọ́? Gbogbo ìlú gbọ́ pé o kọ̀wé, èmi nìkan ni mi ò gbọ́!"

"Má bínú, ìfẹ́ mi. Inú ló bí mi."

"Inú ń bí èmi náà. Ṣé o rí i kí n kọ̀wé?"

Onífọ́tò gbé àpótí sílẹ̀. "Láti òní lọ, bínú bá bí mi, ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí irun wa á fi funfun. Bó o bá lè fẹ́ alágídí."

Akọ̀wé di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ilé alágídí ni wọ́n bí mi sí. Ó yá, ká jọ lọ sọ fún bàbá."