Ọwọ́ Tó Di Agbọ̀nrìrì Mú

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni Mùs'áb kọ́kọ́ rí lára Adépéjú. Ẹsẹ̀ náà wà lókè, nínú bàtà pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé, ó fẹ́ balẹ̀ sórí kọnkéré tútù tí Mùs'áb ti fi gbogbo òwúrọ̀ dán. Ìwé ọmọ iléèwé ni ẹlẹ́sẹ̀ ń kà bọ̀, kò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn.

"Tíṣà! Ẹ dúró ńbẹ̀!"

Ariwo ẹ̀rọ ọwọ́ Mùs'áb kò jẹ́ kí obìnrin náà gbọ́. Mùs'áb pa ẹ̀rọ, ó tún ké. Obìnrin náà gbá férémù ilẹ̀kùn mú, ó dúró lẹ́sẹ̀ kan bíi lékeléke etí odò.

"Ẹ má bínú o," ni Mùs'áb wí, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á. "Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ojú ẹsẹ̀ yín ò ní kúrò níbẹ̀ títí ọmọ-ọmọ yín á fi wá jókòó ní kíláàsì yìí."

"Ọmọ-ọmọ mi? Ṣé ẹ ti bá mi wá ọkọ ni?"

"Iṣẹ́ ń lọ lórí ẹ̀, mà."

Adépéjú kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, èjí rẹ̀ sì yọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjemọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ kíláàsì tuntun mẹ́ta. Kí ilẹ̀ kíláàsì kejì tó gbẹ, Adépéjú ti mọ̀ pé ọmọ Ọ̀dẹ̀dá ni Mùs'áb. Mùs'áb náà ti mọ̀ pé bàbá Adépéjú ń ta ṣúgà àti ìyẹ̀fun ní àpò-àpò, àti pé bí èèyàn bá fẹ́ kí inú tíṣà náà yọ́, kó ra gúgúrú àti ẹ̀pà dání.

Ó yẹ kí a sọ ti ẹ̀rọ náà, nítorí òun ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ní ẹ́ńjìnnì kékeré lórí, irin gbọọrọ nísàlẹ̀, àti apá méjì tí èèyàn ń dì mú. Bí wọ́n bá ti tan án, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, irin náà á máa wọ́ lórí kọnkéré tútù, omi sìmẹ́ǹtì á yọ sókè, ojú ilẹ̀ á sì máa dán. Iṣẹ́ tí ọkùnrin mẹ́rin ń fi igi fà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan á parí rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Agbọ̀nrìrì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Lábẹ́ Ọ̀gá Àbúdù, bíríkìlà àgbà tó gba iṣẹ́ iléèwé náà, Mùs'áb ló mọ̀ ọ́n lò jù, ó sì ti ń lò ó láti ọdún mẹ́fà tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ.

Lọ́dún kẹfà yìí ni ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí ọyẹ́ bá mú láàárọ̀, tó sì fi omi tútù fọwọ́, ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún àti méjì lọ́wọ́ òsì á funfun láúláú, títí dé abẹ́ èékánná. Á fi eyín gé wọn, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tó bá yá, ẹ̀jẹ̀ á padà, àwọn ìka náà á wá máa ta á bí ẹni pé wọ́n fi ata rà wọ́n.

Orúkọ kan ṣoṣo ni Mùs'áb mọ̀ fún ìka tí kò mọ abẹ́rẹ́. Nígbà tó wà ní kékeré, ọkùnrin kan ń dá gbé inú ahéré kan lẹ́yìn oko bàbá rẹ̀. Ìyá Mùs'áb kì í dárúkọ àrùn tó ń ṣe ọkùnrin náà. Á kàn gbá ọmọ rẹ̀ lápá mú ni, á ní, "Má wo ibẹ̀ yẹn." Ẹ̀tẹ̀ ni. Mùs'áb kò lè dárúkọ náà nínú ọkàn ara rẹ̀ kí àyà rẹ̀ má já.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó sì bà á lẹ́rù jù ni pé kó má lọ kó o ran Adépéjú. Bí ọmọbìnrin náà bá na ife omi sí i, á ní kó gbé e sílẹ̀. Bí ó bá bu gúgúrú fún un, á ní kó dà á sórí bébà. Adépéjú rò pé ẹ̀sìn ni kò jẹ́ kó fẹ́ fọwọ́ kan òun.

"Ọ̀gá Agbọ̀nrìrì ni kí n máa pè ọ́ ni, àbí Àáfà Agbọ̀nrìrì? Gúgúrú gan-an, o ò lè gbà á lọ́wọ́ mi."

"Bó ṣe yẹ náà nìyẹn, Tíṣà mi. Ọjọ́ yìgì ń bọ̀."

"Ọkùnrin gidi," ni Adépéjú wí, inú rẹ̀ dùn dé ẹsẹ̀. Mùs'áb rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ abíyá. Irọ́ tó ń pa dùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, èyí sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Nígbà tí wọ́n ní kó wá kí àwọn òbí Adépéjú, àárọ̀ Sátidé ni, ọyẹ́ sì mú bí nǹkan míì. Alhaja Sìlífátù, ẹ̀gbọ́n bàbá Adépéjú, ló jókòó sórí àga tó ga jù. Nínú ìdílé yẹn, kò sí ẹni tó ń gbéyàwó tàbí tó ń relé ọkọ kí Alhaja má kọ́kọ́ wádìí: ṣé wọn kì í ya wèrè níbẹ̀, ṣé wárápá ò sí, ṣé ẹ̀tẹ̀ ò sí. Wọ́n gbé omi tútù fún àlejò nínú ife dígí. Mùs'áb gbé e, ó ń dáhùn ìbéèrè bàbá, ife náà sì yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́ yángá. Gbogbo ilé ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Alhaja nìkan ni kò sọ̀rọ̀. Ìka àlejò ló ń wò.

Lọ́jọ́ kẹta, Alhaja wá sí ibi iṣẹ́ láàárọ̀, òun nìkan. Mùs'áb ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ nínú dúrọ́ọ̀mù omi ni. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé kò sí láburú o?"

"Kò sí, ọmọ mi. Dìde. Gbé ọwọ́ wá, kí n ṣàdúrà fún ọ."

Ta ni í kọ àdúrà àgbà? Alhaja fi etí ìborùn rẹ̀ bo ọwọ́, ó di ti Mùs'áb mú, ó ń ṣàdúrà. Mùs'áb ń ṣe àmín. Ó ṣe àmín ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kó tó rí i pé Alhaja kò dijú. Ìgbà náà ló wo ọwọ́ ara rẹ̀. Píìnì tí Alhaja fi ń de ìborùn dúró gan-an nínú ìka àárín rẹ̀, ó ti wọlé dé ìdajì, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yí i ká. Kò mọ̀ ọ́n lára rárá.

Alhaja fa píìnì náà yọ.

"Mi ò kórìíra rẹ, ọmọ mi," ló wí, ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. "Ṣùgbọ́n a ò lè fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ yẹra fún ọmọ wa. Bí o bá yẹra, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni títí mo fi máa kú."

"Mo gbọ́, mà."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló lọ sí Ọ̀dẹ̀dá. Ó purọ́ fún Ọ̀gá Àbúdù pé ara ìyá òun ò yá, ó sì pa fóònù rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ń jí, tó ń yẹ etí àti ìpéǹpéjú rẹ̀ wò nínú dígí, bóyá àmì àrùn náà ti yọ níbẹ̀. Gbogbo ọ̀nà oko ló sì ń gbé e kọjá ibi tí ahéré ọjọ́sí wà. Ibẹ̀ ti di igbó, síbẹ̀ ó ń rò ó bóyá òun náà ni yóò tún un kọ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọ̀kadà kan gbé Adépéjú dé, eruku kún ìborùn rẹ̀.

"Mùs'áb, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ìwọ lo máa kú nìyẹn, nítorí pípa ni mo wá pa ọ́." Ó ń bọ̀ tìbínú-tìbínú.

"Má sún mọ́ mi! Adépéjú, mo bẹ̀ ọ́." Gbogbo rẹ̀ sì tú jáde lẹ́nu rẹ̀: ìka, omi tútù, píìnì, orúkọ tí kò lè pè.

Adépéjú gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Mùs'áb rí i, Adépéjú sì rí i pé ó rí i.

"Ẹ̀rù bà mí," ló wí, omijé ń bọ́. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an." Ó dá ẹsẹ̀ náà padà, ó sì fi ìṣísẹ̀ méjì lé e. "Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Dókítà wo lo fi hàn?"

"Bí dókítà bá dárúkọ rẹ̀, ó parí nìyẹn."

"Ọ̀gá rẹ ńkọ́?"

"Á lé mi."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Olólùfẹ́ mi, bọ́ sórí ọ̀kadà."

Nígbà tí wọ́n dé iléèwé, Ọ̀gá Àbúdù dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kẹta, ó kó ọwọ́ sápò, bí ìṣe rẹ̀. Níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, Mùs'áb sọ ọ́ pé ìka òun ń kú, pé òun kò mọ̀ bóyá ẹ̀tẹ̀ ni. Ó dúró de ìgbà tí wọ́n máa sá.

Kò sẹ́ni tó sá. Ọ̀gá Àbúdù yọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lápò, ó tẹ̀ wọ́n bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi, ó sì gbé wọn sókè. Díẹ̀díẹ̀, ìka mẹ́rin funfun níṣojú wọn.

"Ọdún mẹ́ta rèé tí ọwọ́ mi ti ń gbé inú àpò," ni ọkùnrin náà wí. "Ìyàwó mi rò pé ìgbéraga ni."

Àyànfẹ́, tó máa ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Mùs'áb bó bá rẹ̀ ẹ́, bú sẹ́kún. Tirẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jẹun pọ̀ nínú abọ́ kan tó, olúkúlùkù ń rò pé òun nìkan ni adẹ́tẹ̀ ibẹ̀.

"Olúṣẹ̀yẹ, ẹ̀yin ńkọ́?" ni Adépéjú bi ẹni tó ń po kọnkéré.

Olúṣẹ̀yẹ tẹ ọwọ́ tirẹ̀ bọmi, ó pẹ́ níbẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe é.

"Ṣé ẹ ti di Agbọ̀nrìrì mú rí?"

"Láéláé. Ariwo ẹ̀ gan-an ń bà mí lẹ́rù, Tíṣà."

Gbogbo wọn yí ojú sí ẹ̀rọ tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ejò lábẹ́ ẹní tó ti ń sùn lé.

Ṣùgbọ́n tíṣà kì í ṣe dókítà, ẹ̀rù kò sì tí ì lọ. Lọ́jọ́ kejì, Mùs'áb àti Adépéjú jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, wọ́n ń retí kí wọ́n pè wọ́n. Adépéjú ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Alhaja Sìlífátù, ìyẹn náà wá, ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ kíákíá.

"Bó bá jẹ́ òun ńkọ́?" ni Mùs'áb bèèrè.

"Mo ti bèèrè, oògùn rẹ̀ wà. Ìwọ á máa lò ó, èmi á máa ka ọjọ́ rẹ̀. Yìgì wa á sì so."

"Bí wọn ò bá gbà nílé yín?"

"Èmi ni wọ́n fẹ́ fi fọ́kọ. Èmi ni kí wọ́n bi." Ó sọ ọ́ sókè dáadáa, kí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì lè gbọ́. Tẹ̀sùbáà náà dúró.

Dókítà obìnrin ni. Ó fi òwú kàn án lára káàkiri, ó tẹ iṣan apá rẹ̀, ó ní kó ki ọwọ́ bọ omi tútù, ó sì ń wò ó. Ó bèèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní kó ṣàpèjúwe ẹ̀rọ náà.

"Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀," ni dókítà wí. "Gbígbọ̀n ẹ̀rọ yẹn ló ba iṣan ìka yín jẹ́. Bí òtútù bá mú yín, àwọn iṣan náà á sún kì, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ibẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ dì í mú mọ́. Ohun tó ti lọ, mi ò lè ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ á padà. Bí ẹ bá tún ń lò ó, ìyókù á tẹ̀lé e lọ."

Mùs'áb sunkún bí ọmọdé. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Alhaja fẹ́ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n Mùs'áb ti dọ̀bálẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi," ni ìyá àgbà náà wí.

"Èmi náà, mà."

Mùs'áb padà sí fífi igi fa kọnkéré. Iṣẹ́ náà kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá Àbúdù pàṣẹ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pẹ́ nídìí Agbọ̀nrìrì mọ́.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì nílé bàbá Adépéjú. Nígbà tí àwọn àáfà ṣe tán, tí àwọn èèyàn ń jẹun ní yàrá kejì, wọ́n fi ọkọ àti ìyàwó nìkan sílẹ̀ ní pálọ̀. Atẹ́gùn òjò wọlé láti ojú fèrèsé. Mùs'áb rí i tí ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ó sì yí ojú sí òde.

"Ẹ̀rù tún ti bà ọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Dókítà ní gbogbo rẹ̀ lè má padà. Ọjọ́ kan lè dé, Péjú, tí ọwọ́ rẹ á wà nínú tèmi, tí n kò ní mọ̀."

Adépéjú kò bá a jiyàn. Ó sún mọ́ ọn lórí àga.

"Ọjọ́ tí o kò bá mọ̀ ọ́n, èmi á máa sọ fún ọ," ló wí. "Mo ti dì ọ́ lọ́wọ́ mú báyìí."