Irin Tó Dáhùn

Kíún! Kíún! Kíún! Kéé!

Bẹ́ẹ̀ ni òòlù bàbá Ràmọ́nì ṣe máa ń dún ní àgbẹ̀dẹ wọn ní Ṣakí, láyé ìgbà tí ọyẹ́ ṣì máa ń mú débi pé ọmọdé á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú iná. Ẹ̀ẹ̀mẹta lórí irin, ẹ̀ẹ̀kan lórí owú lásán, kí apá lè sinmi. Ràmọ́nì ló máa ń fẹ́ ẹwìrì sí iná. Lọ́jọ́ tó gbé báàgì rẹ̀ pé òun ń lọ ṣe ọlọ́pàá, bàbá rẹ̀ kò bú u, kò sì súre fún un. Ó kàn ń lu irin rẹ̀ lọ. Ìró yẹn ló sin ín dé gáréèjì. Òun náà ló ń bá a kiri láti Máídúgùrì dé Kàlàbá, fún odidi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ní báyìí, ó ti di Ìnsípẹ́kítọ̀ Ràmọ́nì Ògúnbùnmi. Wọ́n ti gbé e wá sí Ìṣẹ́yìn láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ọ̀nà Ṣakí kò tó ohun tí èèyàn ń di oúnjẹ sí, síbẹ̀ kò tíì lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àmọ̀kẹ́, àbúrò rẹ̀, ti kọ̀wé sórí fóònù rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ń bèèrè yín o." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀rẹ̀ èsì, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pa á rẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, kété tí wọ́n kírun tán, wọ́n pè é sí yunifásítì tó wà lẹ́yìn ìlú. Àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ń lọ nínú gálárì wọn níbẹ̀, "Ẹ̀mí Ń Bẹ Nínú Irin" ni wọ́n pè é, iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní lórí ìgbàgbọ́ àwọn baba ńlá wa. Láàárín gbọ̀ngàn, àpótí gíláàsì kan ti fọ́ yángá. Ọ̀pá Òrìṣà Oko tí wọ́n yá láti ìlú Ìràwọ̀, irin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó èèyàn, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀wù ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ń wọ̀ ọ́ nìkan ló kù. Ẹnì kan ti ká a jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Dókítà Ládòkun, ọ̀gá gálárì, ń làágùn.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Ìyá tó ni ín ló gbé e! Ta ni yóò tún bọ́ ẹ̀wù lára òrìṣà, tí yóò sì ká a bí aṣọ ọmọ tuntun? Abẹ́ igi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn náà ló jókòó sí látàárọ̀."

Ìyá Ọdẹ́wùmí, arúgbó tí ọ̀pá náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ṣì wà lábẹ́ igi, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbé e."

"Èmi? Ọmọ mi, wò mí dáadáa. Orúnkún tí ò lè gbé èmi alára, irin yẹn ni yóò wá gbé? Ká tilẹ̀ wá ní mo gbé e, ṣé èmi ni màá fi ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀ tí màá gbé òrìṣà lọ níhòòhò?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ràmọ́nì, àmọ́ ó rí i pé omi ti lé ròrò lójú ìyá náà.

"Ọ̀túnla, ọjọ́ Àìkú, ni ọdún iṣu tuntun wa. Ọ̀pá yẹn ló ń ṣíwájú. Àwọn ará ilé mi kọ̀ kí n tó gbé e sílẹ̀. Èmi ni mo ní kí àwọn ọmọ ìwé rí i. Bí mo bá padà lọ́wọ́ òfo, wọn á ní mo tà á ni. Orúkọ tí wọ́n á fi sin mí nìyẹn: ìyá tó ta òrìṣà."

"Ẹ ò ní padà lọ́wọ́ òfo, Ìyá."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó.

Ó pe Wàhábì, ẹ̀ṣọ́ gálárì, ọmọ Kíṣí.

"Ọ̀gá, kí n tó lọ kírun ni mo ti ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe fi àgádágodo sílẹ̀ ni mo ṣe bá a. Fèrèsé ẹ̀yìn ni mo bá ní ṣíṣí, inú ni wọ́n sì ti ṣí i. Àwọn ará géètì ń tú bọ́ọ̀tù gbogbo ọkọ̀ tó ń jáde, wọn ò rí nǹkan kan."

"Mo gbọ́ pé o ò fẹ́ràn ọ̀pá náà."

"Mo kàn ní kó yéé wò mí tí mo bá ń jẹun ni! Irin ti pọ̀ jù nínú ilé yìí, ọ̀gá. Irin lájà, irin lára ògiri, irin nínú òdòdó."

"Èwo ni tinú òdòdó?"

Wàhábì nawọ́ sí irin ìkọ́lé kan tó fi ti ilẹ̀kùn. "Nínú òdòdó abẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn ni mo ti rí i nígbà tí mo ti ìrun dé."

Ràmọ́nì gbé irin náà. Wọ́n ti lu ihò sí i lórí, ẹfun sì wà nídìí rẹ̀. Ó wo òkè àjà. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n pè ní "Òjò" ti ń fì: ọ̀pọ̀ irin gígùn tí wọ́n fi aṣọ funfun wé láti orí, tó jẹ́ pé ìdí wọn tí wọ́n fi ẹfun kùn nìkan ló hàn síta.

Ọlámipọ̀sí, ọmọbìnrin ará Ìjíò tó ṣe iṣẹ́ náà, jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo lọ bẹ Ìyá kí wọ́n yá wa. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé."

"Irin mélòó ló wà nínú Òjò rẹ?"

"Mọ́kànlélógójì, sà. Èmi fúnra mi ni mo lu wọ́n níhò, tí mo fi wáyà so wọ́n kọ́."

"Níbo lo wà nígbà ìrun?"

"Èmi àti Bọ̀ọ̀dá Mọ́ládé, tó ń bá mi wá ẹni tó máa ra iṣẹ́ mi, la jọ ń jẹun. Ẹnu oúnjẹ la wà tí wọ́n ní àwọn gbàgbé ṣájà fóònù síbí. Wàhábì ò tíì ti ilẹ̀kùn nígbà yẹn. Wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó padà."

Lọ́ọ̀fínńdà Mọ́ládé ti wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ó ń fi ìka yí okùn káàdì ọrùn rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Okùn náà ti já rí, wọ́n sì ti fi ìso kan tún un ṣe, ìso pẹlẹbẹ tí kò ju hóró ọkà bàbà lọ.

"Ìso yìí mà dáa o. Ta ló so ó?"

Mọ́ládé rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ara mi ni sà! Ọmọ Ìṣẹ́yìn pọ́ńbélé ni mí, ìdí òfì ni mo dàgbà sí. Òwú kì í já kó dà mí láàmú. Ọ̀gá mi, ṣé kí n kúkú kó Òjò lọ láàárọ̀ ọ̀la? Ẹni tó fẹ́ gbé e lọ sókè òkun ti ń kánjú."

"Ṣebí ọjọ́ mẹ́wàá ni àfihàn?"

"Níbi tí olè ti wọ̀ yìí?"

Nígbà tí gbogbo wọn jáde tán, Ràmọ́nì ka irin inú Òjò. Mọ́kànlélógójì. Ó tún un kà. Mọ́kànlélógójì. Ó wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọlọ́pàá méjì sẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó fẹ́ kí Ìyá wà níbẹ̀, kí gbogbo ẹnu tó pè é lólè sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, gálárì kún dẹ́múdẹ́mú. Ìyá Ọdẹ́wùmí jókòó sórí àga níwájú. Ràmọ́nì yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àpò rẹ̀, ó wọ àárín Òjò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi lu ìdí irin lọ́kọ̀ọ̀kan.

Pọ̀. Pọ̀. Pọ̀.

"Ṣé orin ni wọ́n fẹ́ kọ fún wa ni?" Dókítà Ládòkun bi ẹni tó dúró tì í. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mọ́ládé ò rẹ́rìn-ín.

Pọ̀. Pọ̀. Ó lu ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n.

Kíúnnnnn!

Ìró náà gbòòrò, ó gba òkè, ó dúró lójú ọ̀run ilé náà, kò sì tètè lọ. Ìyá tí orúnkún rẹ̀ kò lè gbé e ti wà lórí ìdúró.

"Òun ni! Òun nìyẹn! Mo gbọ́ ohùn rẹ̀!"

Wàhábì gbé àkàbà wá. Wọ́n tú aṣọ funfun náà, ọ̀pá Ìràwọ̀ sì yọ sí gbangba. Àtẹ́wọ́ fẹ́ gbé òrùlé lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé," Ràmọ́nì wí. "Ẹni tó gbé ọ̀pá yìí mọ̀ pé kò lè gbà á kọjá ní géètì, ló bá fi aṣọ funfun wé e, ó fi ẹfun kùn ún nídìí, ó sì fi í pamọ́ sáàárín irin. Ó ju ọ̀kan sínú òdòdó kí iye má baà lé. Ìlẹ̀kẹ̀ ò lè farapamọ́ sínú Òjò, ìdí nìyẹn tó fi fi ẹ̀wù sílẹ̀. Ó ká a jẹ́jẹ́ kí ẹ lè sọ pé Ìyá ni, ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ irin ìkọ́lé, ilé iṣẹ́ ló ti wá. Èyí, ọkọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi rọ ọ́, òòlù sì ti lù ú títí ó fi ní ohùn."

Ó gun àkàbà, ó gé ohun tí wọ́n fi so ọ̀pá náà kọ́. "Irin Ọlámipọ̀sí ní ihò, wáyà ló wà lórí wọn. Ọ̀pá kò ní ihò, okùn ọ̀rá ni olè fi so ó. Ẹ wo ìso rẹ̀."

Ìso pẹlẹbẹ, tí kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Gbogbo ojú yí sí ọrùn Mọ́ládé.

"Ìso lásán!" Mọ́ládé pariwo. "Ẹgbẹ̀rún ahunṣọ ló wà ní Ìṣẹ́yìn!"

"Òótọ́ ni. Mélòó nínú wọn ló padà wá mú ṣájà kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n tì í mọ́nú ilé, tó sì gba fèrèsé ẹ̀yìn jáde? Nígbà tí gbogbo ayé ń bèèrè ọ̀pá, mélòó ló ń bèèrè bí wọ́n ṣe máa kó Òjò lọ?"

Mọ́ládé wo ilẹ̀kùn, àwọn ọlọ́pàá ló wà níbẹ̀. Ó wo Ọlámipọ̀sí, ìyẹn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó fi lu irin náà ni Ràmọ́nì kó sí i lọ́wọ́.

Dókítà Ládòkun dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá.

"Dìde, Dókítà," ni Ìyá wí. "Eruku ń ba sòkòtò jẹ́. Wá bá wa jẹ iṣu lọ́la."

Ọkọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n fi gbé Ìyá àti ọ̀pá rẹ̀ lọ sí Ìràwọ̀, ọ̀pá náà ti wọ ẹ̀wù ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Kí Ìyá tó wọkọ̀, ó di ọwọ́ Ràmọ́nì mú.

"Ta ló kọ́ ẹ bí irin ṣe ń sọ̀rọ̀?"

"Bàbá mi ni, Ìyá. Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, ní Ṣakí."

"Ṣé ó ṣì wà?"

"Wọ́n wà."

"Ṣé ó mọ̀ pé o ṣì ń gbọ́ ọ?"

Ràmọ́nì bẹ Ìyá kí ó jẹ́ kí òun tún lu ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì gba ìró náà sílẹ̀ títí ó fi kú tán. Nígbà tí ọkọ̀ ti lọ, ó dúró sábẹ́ igi tí Ìyá jókòó sí, ó fi ìró náà ránṣẹ́ sí Àmọ̀kẹ́, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pa á rẹ́:

"Àmọ̀kẹ́, gbé e sí Bàbá létí. Sọ fún wọn pé Ràmọ́nì ló lù ú. Lọ́la, mò ń bọ̀ wá fẹ́ ẹwìrì."