Ọwọ́ Rọ̀kíbátù Mọ Ẹja, Ṣùgbọ́n Ikùn Ńkọ́?

Bí ẹ bá dé ọjà ẹja ní Ẹ̀pẹ́ tí ẹ béèrè Rọ̀kíbátù, wọn ò ní bi yín pé èwo nínú wọn. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń rínú ẹja?" Òun náà ni. Tó bá ti fi àtàǹpàkò tẹ ikùn àrọ̀ báyìí, á sọ fún oníbàárà pé, "Ẹyin ló kún inú eléyìí," tàbí kó ní, "Ọ̀rá lásán ni, má gbé e." Wọ́n á là á, á sì rí bẹ́ẹ̀. Àwa ará Ẹ̀pẹ́ kì í fi ọ̀rọ̀ ẹja ṣeré, a sì ń fi ọwọ́ Rọ̀kíbátù yangàn níbikíbi tí a bá dé.

Ọwọ́ yẹn kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti dá. Ni ikùn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bó bá jẹun díẹ̀, á ti yó. Kò ní tíì jókòó dáadáa sídìí ọjà tí ìtọ̀ á tún fi máa gbọ̀n ọ́n, abẹ́ ìdodo á sì máa ro ó. Kí ló ṣe? Ó dùbúlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ikùn ara rẹ̀ bí ẹni tẹ àrọ̀, ó sì dájọ́ fúnra rẹ̀: "Omi ni. Kò le. Ohun tí ò bá le kì í pààyàn." Bó ṣe ń gbé e kiri fún oṣù mélòó kan nìyẹn.

Nígbà tó wá kí Jamilah ọmọ rẹ̀ ní Lasunwon, ní Ìkòròdú, ó ti bá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adéòjó ṣàdéhùn. Oògùn ni Adéòjó ń tà nítòsí Gáréèjì Ìkòròdú. Kì í ṣe dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun á fi abẹ́rẹ́ fa omi náà jáde, ìyá á sì padà sí Ẹ̀pẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ kì yín lábẹ́rẹ́ kankan," ni Jamilah wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ ṣe síkáànù ná."

"Síkáànù kẹ̀! Ta ló lóyún? Ṣé o fẹ́ kí àwọn ará ọjà máa fi mí rẹ́rìn-ín ni?"

"Gbogbo síkáànù kọ́ ni ti oyún, Màmi."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́. Omi ni."

Ẹ̀rù ń ba Jamilah, síbẹ̀ ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ rántí àrọ̀ ńlá ọjọ́sí, tí ẹ tẹ̀ tí ẹ ní ẹyin ni? Nígbà tí a là á, ṣé kì í ṣe odidi ẹja mìíràn tó gbé mì la bá níbẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn!"

"Tó bá jẹ́ ikùn yín, ẹ̀ẹ̀kan ti pọ̀ jù."

Ìyá fi ọwọ́ bo ikùn rẹ̀. "Ẹja, a là á ká tó mọ̀. Ta ló fẹ́ la tèmi?"

"Kò sẹ́ni tó máa là á. Wọ́n á wo inú rẹ̀ láìfi ọ̀bẹ kàn yín."

Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ Dókítà Agnes Oyèdèjì nìyẹn, dókítà àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn. Inú Rọ̀kíbátù dùn nígbà tó rí i pé obìnrin ni.

"Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè obìnrin, Màmá," ni dókítà sọ. Ó fi ẹ̀rọ síkáànù rìn lórí ikùn ìyá. Ó tún ṣàlàyé pé èyí tí wọ́n ń ti ojú ara gbà wò máa ń fi nǹkan hàn kedere ju ti orí ikùn lọ, pé ìyá lè gbà, ó sì lè kọ̀. Rọ̀kíbátù gbà. Jamilah di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tó ṣe, dókítà yí ojú ẹ̀rọ sí wọn. "Màmá, ọwọ́ yín ò purọ́. Omi wà níbẹ̀."

Rọ̀kíbátù yí ojú sí ọmọ rẹ̀ pé ṣé o gbọ́?

"Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Ara ilé ẹyin yín, níbi tí ẹyin obìnrin ti ń wá, ni àpò omi yìí wà. Ká ní omi nìkan ni, tí ara àpò náà fẹ́lẹ́ tó sì dán, ọkàn wa ì bá balẹ̀. Irú bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára obìnrin, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Àmọ́ ẹran wẹ́wẹ́ ti hù nínú tiyín. Ẹ rí àwọ̀ tó ń tàn yẹn? Ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣàn wọ inú ẹran náà. Ìyẹn ló jẹ́ kí ewu rẹ̀ pọ̀."

"Ṣé jẹjẹrẹ ni, dókítà?"

"Mi ò tíì lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí ewu ṣe tó ni síkáànù ń sọ fún wa. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́ tí wọ́n sì yẹ ẹran rẹ̀ wò la tó máa mọ̀ dájú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ obìnrin ni kó yọ ọ́, lódindi, láìfọ́ ọ."

"Ẹnì kan ní òun á fi abẹ́rẹ́ fa omi rẹ̀," ni Jamilah wí.

"Háà! Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, abẹ́rẹ́ yẹn lè tú u ká gbogbo ikùn."

Rọ̀kíbátù mí kanlẹ̀. "Ó ti yé mi. Bí òróòro ẹja ni. Bí ọ̀bẹ bá ti kàn án tó bẹ́, gbogbo ẹja ló korò."

"Màmá," ni dókítà wí, "ẹ sọ ọ́ jù mí lọ."

Wọ́n fi ìwé rán an lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n yọ ọ́ lódindi. Jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò nínú ilé ẹyin. Ó gba oògùn tí wọ́n ní kó gbà, irun rẹ̀ re, ó sì tún hù. Alihamudulilai, ó ti padà sídìí ẹja rẹ̀. Ìgbà tí mo rí i tó tún ń bá oníbàárà jà lórí àrọ̀, orí mi wú.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọbìnrin, bí ikùn yín bá ń wú tí kò fẹ́ lọ, tí ẹ ń tètè yó, tí ìtọ̀ ń dà yín láàmú tàbí tí abẹ́ ìdodo ń ro yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà. Pàápàá jù lọ bí nǹkan oṣù bá ti dá. Ẹ béèrè síkáànù; kì í ṣe aboyún nìkan ló wà fún. Bí wọ́n bá rí kókó tàbí àpò omi lára ilé ẹyin, ẹ má fòyà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè bí ewu rẹ̀ ṣe tó. Bí ewu náà bá pọ̀, ọ̀dọ̀ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni kí ẹ lọ. Ẹ má jẹ́ kí oníkẹ́mísìtì kankan ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́.

Àwọn obìnrin ọjà ṣì máa ń ká aṣọ sókè níwájú Rọ̀kíbátù pé kó bá àwọn tẹ ikùn wò. Kì í fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Á kàn nawọ́ sí agbada ẹja, á ní, "Èyí ni mo ń tẹ̀. Ìwọ, lọ síbi tí wọ́n ti wo tèmi."