Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù

"Òdo? Èmi?"

Aishat tẹjú mọ́ ìwé ìdánwò físíìsì rẹ̀. Ìbéèrè kẹfà, máàkì márùn-ún, òdo rìbìtì ló gbà. Ìbéèrè náà kò sì le: kí ló dé tí a kò fi lè mọ ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ohun tíńtín inú átọ́ọ̀mù, wà gan-an, kí a sì tún mọ bó ṣe ń sáré tó gan-an, lẹ́ẹ̀kan náà? Aishat ti kọ ọ́ pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ. Bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ṣe rí nìyẹn: bí ọ̀kan bá ṣe ń dá wa lójú sí i, bẹ́ẹ̀ ni èkejì yóò máa rú wa lójú sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá, olùkọ́ físíìsì wọn, fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀rọ wa ni kò tíì dára tó. Lọ ka nóòtì rẹ."

Aishat gbé ìwé físíìsì tó yá ní láíbìrì lọ bá a. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbí."

Kò tilẹ̀ wò ó. "Ìwọ ni o fẹ́ kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọdún méjìdínlógún? Àfojúdi! Kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ pé o kò mọ̀ ọ́n, kí o sì kà á níwájú kíláàsì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Jẹ̀lílì tó ṣe ipò kejì ni yóò ṣojú ilé ìwé wa níbi ìdíje físíìsì dípò rẹ."

Ẹ gbọ́ ná, kí ló lè pa àgbà lára nínú kó ṣí ìwé wò? Inú bí Aishat gidigidi. Ẹni tó bá borí ìdíje yẹn yóò ka fásitì lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ láti Kútò sí Ìtòrí, sì ti sọ ọ́ láìfi bò pé agbára òun kò ká owó fásitì.

"Kọ ọ́ jàre," ni Lois ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Ṣé lẹ́tà lè yí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù padà ni? Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Tó o bá débẹ̀, sọ èyí tó o mọ̀."

Aishat kọ ọ́. Ó kà á sókè: "N kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ wa ni kò dára tó. Ẹ dárí jì mí, sà." Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá pàtẹ́wọ́, ó sì dá máàkì rẹ̀ àti àyè rẹ̀ nínú ìdíje padà fún un.

Ọjọ́ ìdíje pé, ní gbọ̀ngàn kan ní Kútò. Ó ku ìbéèrè kan ṣoṣo, Aishat àti Abdulbaqi, ọmọ ilé ìwé mìíràn, sì wà ní ọgbọọgba. Adájọ́, ìyáàfin kan tó wọ awò ojú, bèèrè pé: "Bí a bá ṣe ẹ̀rọ tó dára jù lọ láyé, ṣé a ó lè mọ ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà àti bó ṣe ń sáré, méjèèjì láìsí àṣìṣe, lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ìdáhùn ti dé ètè Aishat. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá, tó jókòó níwájú, tó ń mi orí sí i láti gbà á níyànjú. Lẹ́tà tó kà níjọ́sí ló ń dún létí rẹ̀. Ẹ̀rù bà á.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀rọ wa ni kò tíì dára tó."

"Ó ṣe o. Abdulbaqi?"

"Rárá, mà. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe é láé."

Àtẹ́wọ́ gba gbogbo ilé. Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá sáré lọ bá adájọ́ jiyàn, ìyáàfin náà sì fara balẹ̀ ṣí ìwé hàn án. Nígbà tó padà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Aishat, o mọ èyí tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ lẹ́tà pé n kò mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá ní kí gbogbo kíláàsì fa ìlà pa gbólóhùn ẹ̀rọ tí kò dára tó yẹn rẹ́ nínú nóòtì wọn, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Aishat lójú wọn. Ṣùgbọ́n fásitì ọ̀fẹ́ ti bá Abdulbaqi lọ.

Inú ṣì ń bí Aishat sí olùkọ́ rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n pé òun fúnra rẹ̀ sẹ́ ohun tó mọ̀ ló dùn ún jù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fọwọ́ sí irọ́ nítorí wọn. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sẹ́ òtítọ́ lónìí, ó lè wá òtítọ́ náà tì lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀ jù.