Lébẹ́ẹ̀lì Méjì Nínú Ìgò Kan

Dókítà Mojísọ́lá jókòó sórí àpótí nínú yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ wa ní Lafiaji, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì, ó sì gbé ẹsẹ̀ náà lé àga kejì. Ẹsẹ̀ náà wú. Ìgbà kẹta rèé tó lọ sí igbó Ìjẹ̀bú-Igbó láàárín oṣù méjì, ìgbà kẹta rèé tó sì padà dé lọ́wọ́ òfo.

"Hàwáwù," ó pè mí, "ṣé ó dá ẹ lójú pé inú àpò egbò igi yẹn lo ti rí alántakùn yìí?"

"Ó dá mi lójú, mà."

"Àpò tí wọ́n kó wá sí ọjà Jankara láti Ìjẹ̀bú-Igbó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Bóyá ojú mi ni kò ríran mọ́. Mo ti gbẹ́ ilẹ̀ débi pé apá mi ò fẹ́ gbé ṣíbí ọbẹ̀ mọ́."

Mo wo ẹsẹ̀ tó wú yẹn, mo sì yára gbójú kúrò. Irọ́ ni mo ń pa fún un. Mi ò rí alántakùn kankan nínú àpò egbò igi rí láyé mi.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Olùkọ́ yunifásítì ni Dókítà Mojísọ́lá, àwọn alántakùn ló sì ń kọ́ nípa wọn. Ó wá sí kíláàsì bàọ́lọ́jì wa nígbà tí òjò ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó fún wa ní ìgò kọ̀ọ̀kan, ó ní kí kálukú mú kòkòrò kan wá láti àdúgbò rẹ̀, kí a sì kọ ibi tí a ti rí i sórí pépà kékeré sínú ìgò náà. Àwọn ẹgbẹ́ mi mú aáyán wá. Abdulmujeeb mú eṣinṣin mẹ́ta wá, ó ní òun fi èènì sí i. Èmi ò fẹ́ mú aáyán. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn wo ìgò tèmi lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, sìmẹ́ǹtì ló bo gbogbo àgbàlá àfi ibì kan ṣoṣo. Sàréè bàbá tó bí ìyá mi àgbà ni. Mùsùlùmí ni wá, a kì í sì í rẹ́ sàréè ní sìmẹ́ǹtì nílé wa, erùpẹ̀ lásán ni wọ́n fi sílẹ̀. Ìyá mi àgbà, Alhaja Mùtíátù, ti kìlọ̀ fún gbogbo ọmọ ilé pé kí a máa gbálẹ̀ yí i ká, kí ẹnikẹ́ni má fi ohunkóhun gbẹ́ ibẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń gbálẹ̀, erùpẹ̀ sàréè náà ṣí díẹ̀ lójú mi. Ẹsẹ̀ dúdú méjì yọ, ó gbá èèrà kan mú, ilẹ̀ sì padà dé. Ilẹ̀kùn ni! Ilẹ̀kùn tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, tí alántakùn fi erùpẹ̀ àti òwú ara rẹ̀ ṣe.

Nígbà tí Alhaja lọ sí àsàlátù lọ́jọ́ Sunday, mo fi ṣíbí ìdáná gbẹ́ ẹ jáde. Mo sáré wọ́ erùpẹ̀ bo ihò náà, mi ò tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Nígbà tó wá kan kí n kọ ibi tí mo ti rí i, mo ronú pé bí mo bá kọ sàréè, wọ́n á wá sílé wa, Alhaja á sì gbọ́. Mo rántí Ìyá Àbẹ̀ní tó ń ta egbò igi ní Jankara, tí ẹrù rẹ̀ máa ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé tòun ti erùpẹ̀ lára. Ìyẹn ni mo kọ. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Dókítà wo ìgò tèmi lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́. Ó wò ó títí ó fi gbàgbé pé a wà níbẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí irú rẹ̀ nínú ìwé kankan, àwọn onímọ̀ tí òun fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí náà ò sì rí i rí. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni mo fi ń jókòó tì í nídìí maikirosíkóòpù. A ka ojú rẹ̀, ó jẹ́ mẹ́jọ. A wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ ní oríkèé-oríkèé. Ó ń pè é, èmi ń kọ ọ́: àwọ̀ orí, irun ẹsẹ̀, bí ikùn ṣe rí. Iṣẹ́ náà ń sú èèyàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ràn ohunkóhun tó bẹ́ẹ̀ rí nílé ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n abo ẹyọ kan ṣoṣo la ní. Kí àpèjúwe tó fẹ́ tẹ̀ jáde nípa alántakùn náà tó lè pé, Dókítà nílò akọ rẹ̀, ó sì nílò ilé rẹ̀ gan-an. Ohun tó ń wá kiri Ìjẹ̀bú-Igbó nínú òjò nìyẹn, tó fi ṣubú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú.

"Mi ò lè lọ lẹ́ẹ̀kẹrin," ó sọ bó ṣe ń ti ẹsẹ̀ padà sínú bàtà. "Bó ṣe wà yìí ni màá fi àpèjúwe náà ránṣẹ́ sí àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́jọ́ Monday. Orúkọ Ìjẹ̀bú ni màá fún alántakùn náà."

"Tí wọ́n bá wá rí i níbòmíràn lọ́jọ́ iwájú ńkọ́, mà?"

"Orúkọ ò ní yí padà. Tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ó di títí ayé nìyẹn."

Mo fẹsẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ náà. Mo ti pinnu pé màá lọ wá ilẹ̀kùn mìíràn lórí sàréè náà kí n tó jẹ́wọ́, kí n lè ní nǹkan rere tí màá fi tẹ̀lé ọ̀rọ̀ búburú. Mo bá Bọ̀dá Síkírù, àbúrò bàbá mi, níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ó ti da iyanrìn bárò mẹ́rin sórí sàréè.

"Òjò ló wọlé sí i, ló bá rì," ó ní. "Ẹnì kan ti gbẹ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Alhaja ní kí n dí i."

Alhaja jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, Alhaja." Mo sọ gbogbo rẹ̀, látorí ṣíbí dórí ẹsẹ̀ Dókítà. Wọn ò pariwo. Ó wù mí kí wọ́n pariwo.

"Ṣé Alhaji Tìlẹ̀kùn lò ń sọ?" ni wọ́n bi mí nígbà tí mo parí. "Ohun tí àwa ń pè é nígbà tí a wà lọ́mọdé nìyẹn. Wọ́n pọ̀ káàkiri àgbàlá yìí nígbà ayé bàbá mi. A máa ń fi ẹyọ ọwọ̀ kan ilẹ̀kùn wọn, wọ́n á fà á tì mọ́ wa lójú. Ìgbà tí sìmẹ́ǹtì dé, sàréè nìkan ló kù fún wọn."

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"O ò bi mí, Hàwáwù. Ká ní o bi mí ni, akọ tí o ní wọ́n ń wá yẹn, ǹ bá ti sọ fún ẹ pé lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò ló máa ń jáde rìn. À bá jọ jókòó síbí dè é."

Bọ̀dá Síkírù dúró ti ṣọ́bìrì rẹ̀. "Ṣé kí n kó iyanrìn náà kúrò ni?"

"Ṣé kí o tún wá hú bàbá mi jáde?" Alhaja nu ojú wọn, ó hàn pé ó ti rẹ̀ wọ́n. "Hàwáwù, pe obìnrin náà lórí fóònù. Níwájú mi báyìí."

Dókítà Mojísọ́lá wá lọ́jọ́ kejì, ó ń tiro. Alhaja gbà á láyè kó wo orí sàréè náà, wọ́n ní kó má ṣáà gbẹ́ ẹ. Ó kúnlẹ̀ ti iyanrìn náà títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. Kò sí ilẹ̀kùn kankan.

"Ṣé ẹ ń bínú sí mi, mà?" mo bi í.

"Ó rẹ̀ mí, Hàwáwù. Tí mo bá sinmi tán, bóyá màá bínú."

Ó jókòó ti Alhaja, ó kọ gbogbo ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Ó pa orúkọ Ìjẹ̀bú rẹ́, ó fi orúkọ Èkó sí i. Níbi tó yẹ kí ó ṣàpèjúwe akọ, ó kọ ọ́ pé a kò rí i. Lẹ́yìn náà, ó yọ ìgò náà jáde, ó fún mi ní pẹ́ńsùlù àti pépà kékeré. Mo kọ ọ́: Ìsàlẹ̀ Èkó, àgbàlá ilé Alhaja Mùtíátù, orí sàréè. Nígbà tí mo fẹ́ fa pépà àkọ́kọ́ jáde, ó di ọwọ́ mi mú.

"A kì í yọ lébẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ dànù nínú iṣẹ́ wa. Méjèèjì ni yóò jọ wà níbẹ̀."

Ó ti ń lọ sí ọdún kan báyìí. Òjò àkọ́rọ̀ ti tún rọ̀, èmi àti Alhaja sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ dé ọ̀sán, a ń wo iyanrìn. A ò tíì rí nǹkan kan. Mo bẹ̀rù ìbínú ẹni tí ì bá ràn mí lọ́wọ́, mo wá fi ìbẹ̀rù yẹn da iṣẹ́ ẹlòmíràn rú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ṣe ohun tí kò dáa, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe. Jíjẹ́wọ́ tèmi dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ìgò náà wà ní yunifásítì, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i yóò ka irọ́ mi, yóò ka òótọ́ mi, yóò sì rí i pé ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì.