Dúró, Ọkọ̀ Ń Bọ̀

"Kó ẹrù ẹ kúrò níbí kí kátápílà tó kó o mọ́ ògiri!"

Bí Àǹtí Àgbà ṣe ń pariwo yìí, ó ti gbé maṣíìnì ìránṣọ ìyàwó àbúrò rẹ̀ síta, ó jù ú sórí òkúta ojú irin. Aránṣọ, ìyàwó náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Kò mọ̀ pé kòtò ni wọ́n ń gbẹ́ fún òun.

"Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fẹ́ wó ilé yìí?" ó bi ọkọ rẹ̀.

"Ojú irin tó ti kú láti ọjọ́ yìí, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀nà ìgbafẹ́, kí àwọn èèyàn máa rìn níbẹ̀, kí wọ́n máa gun kẹ̀kẹ́. Pálọ̀ wa gan-an ló máa gbà kọjá. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n fi àyà dá kátápílà dúró?"

"Búra fún mi."

Ọkùnrin náà nawọ́ sí géètì gbọọrọ tó dábùú ọ̀nà níwájú ilé. "Bí mo bá purọ́ fún ẹ, kí géètì bàbá mi má ṣí fún mi mọ́ láéláé!"

Ẹnu òfòrò ló ń pa òfòrò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

"Bàbá ńkọ́?" ni Aránṣọ tún bi í.

"Ọ̀dọ̀ mi ló ń lọ!" Àǹtí Àgbà ló dáhùn. "Àbí ìwọ lo ni bàbá wa ni? Olójúkòkòrò!"

Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí ló dun Aránṣọ ju ilé lọ. Baba Géètì ni gbogbo èèyàn ń pe bàbá ọkọ rẹ̀, torí òun ló ń ṣọ́ géètì nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń rìn. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, á fa géètì sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á lọ dúró níbi kọ́nà tó wà lẹ́yìn ilé. Bí ìdí ọkọ̀ bá ti kọjá, ìyàwó á gbé aṣọ aláwọ̀ ewé kan sókè, á máa fì í, Bàbá á sì gbé géètì sókè. Nígbà tí ọkọ̀ kò wá mọ́, iyè Bàbá náà bá a lọ. Lọ́sàn-án gbogbo, á fa géètì yẹn sílẹ̀, kò sì ní jẹun, kò ní jókòó, àfi bó bá rí aṣọ aláwọ̀ ewé. Kí ìyá ọkọ tó kú, ó fa iṣẹ́ náà lé Aránṣọ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń fi maṣíìnì sílẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń lọ fi aṣọ fún ọkọ̀ tí kò sí. Ọkọ rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín: "Wèrè méjì lábẹ́ òrùlé kan!"

Ó kó ẹrù. Kí ni ì bá tún ṣe? Nínú ìkánjú, aṣọ aláwọ̀ ewé náà bá maṣíìnì lọ.

Ilé kankan kò wó o! Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ìgbafẹ́ ló ní kí ilé náà dúró, kó di ibi ìsinmi fún àwọn arìnrìn-àjò, torí wọ́n fẹ́ràn Baba Géètì. Ọkọ àti ìyàwó tó ń tọ́jú Bàbá ni wọ́n ní kó máa gbé ibẹ̀. Ọkọ Aránṣọ wá mú ẹlòmíràn lọ, Sísí Lófíńdà, ó ní ìyàwó òun nìyí. Àǹtí Àgbà jẹ́rìí sí i. Wọ́n ti ṣèlérí fún un pé òun ni yóò máa ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Torí omi tútù, ó ta ìyàwó ilé wọn. Ojú ò ti ìkà!

Aránṣọ wà nínú yàrá kan tó háyà, ó ń ránṣọ, ó ń sunkún. Bó bá lọ sílé Àǹtí Àgbà, wọ́n á ní Bàbá ń sùn, bẹ́ẹ̀ Bàbá ò kúrò nílé rẹ̀ rárá. Bó bá lọ sójú irin, páànù ni wọ́n fi yí gbogbo ibẹ̀ ká. Bó bá bi ọkọ rẹ̀, á ní ibi iṣẹ́ lòun ń sùn. Kò lẹ́bí nítòsí, kò mọ ẹni tí yóò ké sí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ọ̀nà ìgbafẹ́, Onídìrí, aládùúgbò rẹ̀, fà á dìde. "Wá, jẹ́ ká lọ wòran. Ẹkún ò dá ilé padà." Aránṣọ mú aṣọ aláwọ̀ ewé dání. Ó fẹ́ so ó mọ́ igi kan níbẹ̀, kó fi dágbére.

Ohun tó rí lódìkejì géètì ni ilé rẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kùn ún. Ọkọ rẹ̀ dúró níwájú ilé. Sísí Lófíńdà rọ̀ mọ́ ọn lápá, búláòsì tí Aránṣọ fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló wọ̀! Aránṣọ di ọwọ́ Onídìrí mú.

Ọ̀sán pọ́n. Láti ìgbà tí Sísí ti dé, inú yàrá ni wọ́n ń ti Bàbá mọ́ lásìkò yìí, ṣùgbọ́n lónìí gbogbo èèyàn ló fẹ́ rí i. Kí Ẹnjiníà obìnrin tó jẹ́ olórí iṣẹ́ náà tó ráyè ṣí ọ̀nà, Bàbá ti fa géètì sílẹ̀, gbàgà!

"Ẹ dúró! Ọkọ̀ ń bọ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n dúró. Ẹ̀rín tán, géètì ò ṣí. Ọmọ rẹ̀ fà á, Bàbá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ sí Sísí létí: "Lọ mú aṣọ wá! Aṣọ!" Sísí sáré wọlé, ó mú aṣọ pupa jáde, ó ń fì í.

"Ewu!" Bàbá pariwo, ó fi gbogbo ara tẹ géètì mọ́lẹ̀. "Ìyàwó mi dà?"

"Bàbá, ìyàwó ọmọ yín rèé," Ẹnjiníà wí.

"Èyí? Mi ò mọ̀ ọ́n. Látìgbà tó ti dé, ọkọ̀ kankan ò kọjá."

Aránṣọ gbé ọwọ́ sókè. Aṣọ aláwọ̀ ewé ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà.

Ojú Bàbá tàn. Ó gbé géètì sókè. "Ìyàwó mi! O pẹ́ o. Ebi ń pa mí."

"Irọ́ ni! Alágbèrè tó ń lé àbúrò mi kiri nìyẹn!" Àǹtí Àgbà ké.

"Ẹnu ẹ á kan!" Onídìrí bọ́ síwájú. "Ìyàwó ilé yìí nìyí! Ẹ̀yin lẹ lé e jáde, tẹ́ ẹ ní ilé ti wó!"

Ẹnjiníà yíjú sí ọkọ. Ọkọ wolẹ̀. Sísí Lófíńdà ti yọ́ lọ, kò dúró gbọ́ ìyókù. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, wọ́n fi lé Aránṣọ lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí Àǹtí Àgbà kó àga omi tútù rẹ̀ nílẹ̀. Èébú tó gbà bó ṣe ń lọ, ajá ò ní jẹ ẹ́.

Nígbà tó ṣe, ọkọ padà wá. Ó ti rù, kò rílé gbé. Ọ̀sán ni, géètì sì wà nílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lójú títì.

"Bàbá, èmi ni, ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún mi."

"Dúró," ni Bàbá wí, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. "Ọkọ̀ ń bọ̀."

Ọkùnrin náà ké sí kọ́nà ẹ̀yìn ilé. "Ìyàwó mi! Mo ti jẹ̀bi! Fi aṣọ yẹn, nítorí Ọlọ́run!"

Omi dé sójú Aránṣọ, torí ó ti fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ó wo ojú ọ̀nà lọ jìnnà, bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó ká aṣọ aláwọ̀ ewé mọ́ ọwọ́.

"Mi ò tíì rí ìdí ọkọ̀," ó dáhùn.